Nọ́ọ̀tì Tó Ṣẹ́kù

Ẹ̀yin ará kíláàsì, kí a tó ṣí Bíbélì, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá kan tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín. Ìyá Gbóyèga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni Úsà ṣe tí Ọlọ́run fi pa á, nígbà tó jẹ́ pé àpótí ẹ̀rí tó fẹ́ ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà ló na ọwọ́ dì mú. Gbogbo wa mọ ohun tí ẹ ń bi mí. Gbóyèga náà na ọwọ́ mú àkàbà tó ń ṣubú lọ, àkàbà sì kàn wáyà iná, iná sì pa á. Ẹ ní bí àlàyé mi bá dá ọmọ yín lẹ́bi, a kò ní rí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí mọ́.

Mo ti wá àlàyé o. Mo tún fáànù kíláàsì yìí ṣe tán ni oorun gbé mi lọ. Mo rí i pé ẹsẹ Bíbélì náà wà lórí tábìlì mi, ó ní ìdérí lẹ́yìn bíi ti rédíò, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dè é. Inú mi dùn. Ohun tó bá ti ní nọ́ọ̀tì, mo lè tú u.

Mo tú u. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kan ń yí nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń dà á. Mo ń gbọ́ èémí màlúù lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n n kò bojú wẹ̀yìn, iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo bá ara mi nínú ọ́fíìsì kan tó léfòó lókè òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù nàka sí àpótí kan tí wọ́n faṣọ bò.

"Wọ̀n ọ́n," ló wí.

Mo fa téèpù mi yọ. Mo ń fà á, ó ń lọ, kò kan igun kankan. Téèpù bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Ọ̀gá mi, ibi tí mo mọ nìyí."

"Sún síwájú díẹ̀," mo wí fún un.

"Kí ni kí n fi sún? Mo ti tán."

Ọ̀gá náà ti di òbúkọ, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù mi. Mo dúró kó jẹun tán, torí kò dáa kí èèyàn dí ọ̀gá lọ́wọ́ nídìí oúnjẹ. Bàbá Àlàbá, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ ò sáà sí níbẹ̀.

Ó nu ẹnu, ó ní, "Tò ó padà bí o ṣe bá a."

Mo dá ìdérí ẹsẹ náà padà, mo dè é pinpin. Mẹ́rin ni mo tú, mẹ́rin ni mo dè, síbẹ̀ nọ́ọ̀tì kan kù ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó gbóná. Ó ń lù kì kì kì bí ọkàn ẹyẹ.

Ẹ mọ ohun tí àwa tí ń tún nǹkan ṣe máa ń sọ tí nọ́ọ̀tì bá ṣẹ́kù. Mo ní, "Kò ṣe nǹkan, yóò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀." Mo fẹ́ jù ú sápò. Kẹ̀kẹ́ dúró. Èémí màlúù dákẹ́. Nọ́ọ̀tì wá fi ohùn Ìyá Gbóyèga sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi:

"Ọmọ mi ni kò ṣe nǹkan?"

Mo jí. Fáànù ń fẹ́ mi lójú, geere, bí ẹ ṣe ń wò ó lókè yìí. Nọ́ọ̀tì kan wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo tún fáànù tú títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò rí ihò tó ti bọ́.

Ìyá Gbóyèga, àlàyé mi ti bá téèpù lọ. N kò mọ ìdí tí Úsà fi kú. N kò mọ ìdí tí Gbóyèga fi kú. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, èmi kọ́ ni mo tò ó. Ẹni tí kò mọ̀ kò sì lè dá ọmọ yín lẹ́bi. A ó ka ẹsẹ náà bó ṣe wà. Ibi tó bá ti ga jù wá, a ó dákẹ́ níwájú Rẹ̀.

Ẹ má tíì dìde, màmá. Nọ́ọ̀tì náà rèé. Ẹ bá mi dì í mú, kí n ráyè ṣí Bíbélì.

Ẹ rọra. Ó ṣì gbóná.