Gáàsì Ilé Kéwú Àáfà

Aláǹgbá tí Ubaydullah bá rí ní Tudun Wada, kó tó dé Jikpan, ó ti di ọ̀nì. Kò kàwé, àmọ́ ẹnu ẹ̀ lè ta omi fún ẹja. Ìyẹn ni ẹgbẹ́ wọn ṣe ní kó máa bá àwọn wá owó.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ẹnì kankan ò gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ri àgbá mọ́ ẹ̀yìnkùlé onílé, wọ́n á da ìgbẹ́ màlúù àti omi sí i, gáàsì ìdáná á máa jáde, kí wọ́n má baà gé gbogbo igi oko tán. Labibah tó kàwé nínú wọn ló máa ń kọ ìwé sáwọn tó ń fowó ṣàánú.

Nígbà tó ń kọ ọ̀kan, ó bi Ubaydullah pé àgbá ilé kéwú Àáfà Àbdùlwàhídù ńkọ́. Àgbá yẹn, tíì lásán ló lè sè. Ubaydullah ní haba, gbogbo ọmọ kéwú ló ń bọ́, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ igi mọ́. Labibah gbà á gbọ́, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àṣé àwọn olówó máa ń wá wo nǹkan. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn, Madam Victoria, ń bọ̀ láti Abuja. Ubaydullah sáré lọ bá Àáfà, ó lóṣòó, ó ní kí wọ́n ṣáà bá òun bo àṣírí. Àáfà yìí ló kọ́ ọ ní kéwú. Tí Àáfà bá sọ pé oòrùn ò tíì là, gbogbo àdúgbò á tan àtùpà.

Madam Victoria dé. Ó wo àgbá, ó wo àwọn ọmọ tó pọ̀ bí eéṣú. "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni àgbá yìí ń bọ́ gbogbo wọn?"

Labibah ń rẹ́rìn-ín. Ubaydullah ń wo ilẹ̀.

Àáfà wo Ubaydullah. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń bọ́ wọn."

Obìnrin náà ní owó á jáde, ó wọ mọ́tò lọ.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, Àáfà tó máa ń ṣe lèmọ́mù ò lọ síwájú. Inú ìlà ni wọ́n dúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ubaydullah gan-an. Àbdùlgàfárù, bíríkìlà, ní, "Baba, ẹ ṣíwájú wa."

"Kí ẹni tí ò parọ́ lónìí ṣíwájú," Àáfà ní.

Àbdùlgàfárù ló padà ṣíwájú. Nígbà tí wọ́n forí kanlẹ̀, ó wu Ubaydullah kí ilẹ̀ gbé òun mì. Àwọn tó kù ti dìde, iwájú orí tiẹ̀ ṣì wà lórí ẹní.

Labibah ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Àáfà látẹ̀yìn, níbi táwọn obìnrin wà. Wọ́n kírun tán, ó lọ bá Ubaydullah. Ó pe nọ́ńbà Madam Victoria, ó na fóònù sí i. Ubaydullah gbà á. Kò lè wo ojú Àáfà, kò lè wo ti Labibah.

"Ma," ó ní, "èmi Ubaydullah ni. Igi la fi ń dáná níbí. Èmi ni mo ní kí Àáfà bò mí láṣìírí."