Adágún Tí Afẹsẹ̀wò Kọ Sínú Ìwé

“Dókítà, ẹ dúró ná. Ẹ dá àwòrán yẹn padà.”

Dókítà, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá bàbá tó sọ̀rọ̀ náà, ò gbójú sókè. Ọwọ́ kan ló fi ń yí àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ó ń fi èkejì jẹ bisikíìtì. Yàrá kékeré ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n jókòó sí, níbi tí àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ti ń múra. Wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè bí ogún lóde, tí wọ́n ń mu tíì, tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìpàdé àgbáyé ni, lórí bí wọ́n ṣe ń fi sátẹ́láìtì wo omi, igbó àti ilẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ó ku wákàtí kan kó kan Dókítà.

“Èwo nínú wọn, Bàbá?”

“Èyí tó ní búlúù lẹ́sẹ̀ òkè yẹn.”

“Ìkọkànlélógójì nìyẹn. Adágún kékeré ni. Àbí ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́.” Ó fa ìwé kan yọ, ó tì í síwájú rẹ̀.

Bàbá náà wo ìwé. Òun ló kọ ọ́ lóòótọ́. “Omi,” ni ó kọ síbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Afẹsẹ̀wò ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Bí sátẹ́láìtì bá ti ya àwòrán tán, kọ̀ǹpútà á wò ó, á ní ibí yìí omi ni, ọ̀hún yẹn igbó ni. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run jìnnà sílẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n tàbí ó ṣì í mọ̀. Ọdún méjìlélógún ni Afẹsẹ̀wò ti ń ṣe é, kò sì sí ẹni tó tíì rí àléébù nínú ìwé rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni Dókítà fi kọ́ kọ̀ǹpútà yìí níṣẹ́. Ohun tó fẹ́ wí lónìí ni pé nínú ọgọ́fà ibi tí wọ́n yẹ̀ wò, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà ṣì mọ̀. Torí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe fún un láyè nínú gbọ̀ngàn ńlá.

Afẹsẹ̀wò lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa bi í. Àmọ́ àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

“Kì í ṣe omi,” ó wí.

Bisikíìtì dúró lẹ́nu Dókítà.

“Nẹ́ẹ̀tì dúdú ni, irú èyí tí wọ́n ń ta sórí ọmọ igi kí oòrùn má baà pa á. Mo kọjá níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo rí obìnrin kan tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè. Èèyàn kì í gbé adágún sókè. Mi ò rántí pé mo ti kọ ọ́ ní omi, àfi ìgbà tí mo rí i báyìí.”

“Ẹ ò débẹ̀ nígbà yẹn ni?”

“Orí títì ni mo wà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Mi ò sọ̀ kalẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“Kò sí ìdí tó dára.” Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. “Kì í sì í ṣe òun nìkan. Láti ọ̀kànlélógójì dé ẹ̀rìndínláàádọ́ta, orí títì ni mo ti kọ gbogbo wọn. Mẹ́fà ni.”

Dókítà dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó rìn padà. Inú ń bí i. Afẹsẹ̀wò mọ̀ ọ́n, torí pé nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, kì í dákẹ́.

“Bàbá, ọgọ́fà geere ni mo kọ sínú ìwé tí wọ́n pín fún wọn. Tí mo bá yọ mẹ́fà, wọ́n á bi mí pé ta ló ṣe é.”

“Ẹ ní èmi ni.”

“Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀.” Ó pa kọ̀ǹpútà dé. “Ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín sọ ọ́.”

Báyìí ni Afẹsẹ̀wò ṣe bá ara rẹ̀ níwájú èèyàn bí irínwó, tí ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà ti fi àwòrán hàn, ó ti ní òun yọ mẹ́fà kúrò, àwọn èèyàn sì ti ń kùn. Bàbá náà sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ nínú yàrá, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ó ní títì ni òun dúró sí, òun kọ omi, nẹ́ẹ̀tì ni.

Arúgbó onírùngbọ̀n funfun kan dìde lórí ìlà kìn-ín-ní, ọ̀jọ̀gbọ́n láti òkè òkun ni. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, kí ògbufọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀.

“Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, òun kọ ìwé olójú ewé méjìlá lórí adágún kan. Ó ní wọ́n gbé ìwé náà jáde. Ó ní…” Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu ògbufọ̀. “Ó ní òrùlé ilé ìkó-táyà-sí ni.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Obìnrin kan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

“Tèmi burú ju ìyẹn lọ. Oko tí wọ́n dáná sun ni mo pè ní omi. Ìjọba rán àwọn tó ń ka ẹja lọ síbẹ̀.”

“Mélòó ni wọ́n rí?” ẹnì kan kígbe.

“Wọ́n ṣì ń bínú sí mi.”

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Alága lu tábìlì títí, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rọlẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó tún dìde, ó kọjú sí Dókítà.

“Ó ní nígbà tó jẹ́ ọgọ́fà geere, òun ò gbà yín gbọ́. Ọgọ́fà ó dín mẹ́fà yìí, òun gbà á. Ó sì fẹ́ mọ̀ bí ibẹ̀ bá jìnnà, torí òun fẹ́ fojú rí nẹ́ẹ̀tì náà.”

Ọkọ̀ ọ́fíìsì gba àlejò mọ́kànlá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àwọn mọ́kànlá ọ̀hún ti wà lẹ́sẹ̀ òkè, bàtà dídán nínú ẹrọ̀fọ̀, tí wọ́n to ara wọn tẹ̀ lé Afẹsẹ̀wò. Obìnrin tó ni oko jáde lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀sán o. Kí lẹ ń wá?”

“Adágún ni wọ́n wá wò,” Afẹsẹ̀wò dá a lóhùn.

“Adágún wo?”

“Èyí tí mo kọ sínú ìwé.”

Obìnrin náà wò ó, ó wo nẹ́ẹ̀tì, ó wo bàtà àwọn àlejò. “Bàbá, tí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ké sí mi. Kànga òkè lọ́hùn-ún ni mo ti ń ru omi wá fún àwọn ọmọ igi yìí, ọrùn sì ti wọ mí.”

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ó di ejìká ẹlòmíràn mú. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ya fọ́tò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ igi tó tutù yọ̀yọ̀.

Afẹsẹ̀wò yọ ìwé tuntun, ó kọ ọ́: kì í ṣe omi, ọmọ igi ni. Dókítà dúró tì í, ìwé àtijọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọjọ́ tí bàbá náà kọ sórí rẹ̀, ó tún un wò.

“Bàbá. Ọjọ́ kẹta tí a sin ìyàwó yín nìyí.”

“Ọjọ́ kẹta ni.”

“Ẹ wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta?”

“Ilé dákẹ́ jù.”

Dókítà gbójú kúrò lára ìwé. “Ẹ ò sọ ọ́ fún wọn nínú gbọ̀ngàn.”

“Kì í ṣe ikú rẹ̀ ló kọ omi, èmi ni.”

Dókítà ká ìwé àtijọ́ náà, ó fi í sínú báàgì. Inú tó ń bí i láàárọ̀ ti lọ pátápátá. “Ẹ lọ jókòó sínú ọkọ̀, Bàbá. Èmi àtàwọn àlejò á rìn dé ibi márùn-ún tó kù.”

“Ta ló máa fọ̀nà hàn yín? Sátẹ́láìtì?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Dókítà kó tó mọ̀. Afẹsẹ̀wò ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó bọ́ sí ipa ọ̀nà tó wọ inú igbó. Ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó rí i, ó sáré jáde lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ó ń béèrè lọ́wọ́ ògbufọ̀ bí ibi tó kàn bá jìnnà.

“Ẹ sọ fún un pé kò jìnnà,” Afẹsẹ̀wò wí.

Ó jìnnà. Gbogbo wọn ló tẹ̀ lé e.