Ọjọ́ Tí Ìdèrè San Àáró Tíṣà

Nígbà tí Tíṣà Keturah kọ̀wé fiṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀, Ìdèrè rẹ́rìn-ín, Igbó-Ọrà sì bá wọn gbè é. Jíìpù mẹ́jọ ni Olóyè Láńrewájú, tí wọ́n jọ ń dupò, fi ń polongo. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri, ó wà lára igi, wọ́n tilẹ̀ lẹ ọ̀kan mọ́ ewúrẹ́ kan lára. Tíṣà ńkọ́? Ọ̀kadà kan ṣoṣo, èyí tí Làtíífàt, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, ń gùn, pẹ̀lú gbohùngbohùn kan tó ń wúkọ́ ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ò ṣeré. Odò tó wà lẹ́yìn ilé ìwé rẹ̀ kò ní afárá. Bójò bá ti rọ̀, ìdajì kíláàsì rẹ̀ kì í lè sọdá. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ lẹ́tà sí ìjọba. Nígbà tó sú u, ó ní, "Bí alága ò bá dá mi lóhùn, èmi fúnra mi á di alága, kí n dá ara mi lóhùn." Bó bá wá fìdí rẹmi, iṣẹ́ ti lọ, afárá ti lọ, ẹ̀sín nìkan ló kù.

Kò lówó tí yóò ná. Àmọ́ ó ní àáró nílẹ̀. Fún ogún ọdún, Sátidé kan kì í kọjá kí Tíṣà má bá ẹnì kan bó ẹ̀gẹ́, kó má bá ẹlòmíràn pa ẹ̀gúsí tàbí kọ ebè. Ẹni tí a bá bá ṣe, ó yẹ kó wá báni ṣe lọ́jọ́ tó bá kanni. Tíṣà ò pe tirẹ̀ rí. Oko eékà mẹ́fà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ti di igbó kìjikìji.

Nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ méjì, ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ àáró níwájú ilé Bàbá Sàláúdéènì, olórí wọn.

"Gbogbo yín lẹ jẹ mí láàáró," ó ní. "N ò ní kẹ́ ẹ gbé ọkọ́ wá. Sátidé yìí, ẹ bá mi dìbò, a ti parí."

Ó retí àtẹ́wọ́. Wọ́n kàn ń wo ara wọn lójú. Bàbá Sàláúdéènì ló dáhùn: "A ti gbọ́, Tíṣà. Sátidé, a ó san án."

Tíṣà àti Làtíífàt jó délé.

Sátidé dé. Ọgbà ilé ìwé ni gbogbo ibùdó ìdìbò Ìdèrè wà. Títí di aago mọ́kànlá, àwọn èèyàn Olóyè ń tò wọlé bí ìjàlọ. Ti Tíṣà? Òun fúnra rẹ̀ dìbò. Làtíífàt dìbò. Méjì.

"Tíṣà, ṣé kí n lọ dì í lẹ́ẹ̀kan sí i ni?"

"Làtíífàt, ẹ̀wọ̀n ò jìnnà."

Olóyè kọjá pẹ̀lú ẹ̀rín. "Tíṣà wa! Ṣé ilé ìwé á gbà yín padà ṣá?" Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀ tó ṣì wà lórí ìlà. "Ó ti parí! Ìrẹsì ti jinná, ẹ kọ́kọ́ lọ jẹun!" Ìlà náà fọ́ yángá, wọ́n gba ilé Olóyè lọ.

Làtíífàt sáré wọ ìgboro lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ilé ló tì pa. Ìyá arúgbó kan tó bá lẹ́nu ọ̀nà ló sọ ibi tí wọ́n lọ fún un. Làtíífàt sáré padà dé.

"Tíṣà! Oko yín ni wọ́n wà! Láti ìdájí!"

Nígbà tí ọ̀kadà gbé wọn débẹ̀, ẹnu Tíṣà là sílẹ̀. Igba ènìyàn! Igbó ti di ilẹ̀, ebè ti tò lọ rẹrẹ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ̀ ń ṣe níbí? Wọ́n ń dìbò!"

Bàbá Sàláúdéènì nàró, ó nu òógùn. "Àáró là ń san. Àáró tá a fi ọkọ́ jẹ, ṣé ìka kan la máa fi tẹ̀ ẹ́ san? Ọ̀fẹ́ nìbò wa. A ò ní fi gbèsè sọ́rùn lọ dì í, kẹ́nìkan má baà sọ lọ́la pé torí àáró la ṣe dìbò fún yín."

"Ẹ ti san án, Bàbá! Mo ti gbà á! Ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

"Ká fi àáró sílẹ̀ láàbọ̀?"

"Èèwọ̀!" ni obìnrin kan ké láti abẹ́ gèlè tó wé bojú. "Ta ló máa tún pè wá soko?"

Tíṣà wò ó dáadáa. Rebecca ni, ìyàwó Olóyè Láńrewájú!

"Ìyá Ìbejì! Ẹ̀yin náà?"

"Ta ló ń bá mi bó ẹ̀gẹ́ nígbà tí ìbejì ò jẹ́ n sinmi? Olóyè kọ́. Ẹ jẹ́ n kọ ebè mi jàre."

"Ó ku ebè ogún-ogún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan," ni Bàbá Sàláúdéènì wí.

Ọ̀sán ti pọ́n. Aago mẹ́ta ni wọ́n ń pa ìdìbò dé. Tíṣà wo ojú ọ̀run, ó wo oko. Ó wá tú ìró, ó tún un ró gírígírí. "Ẹ fún mi lọ́kọ́!"

Háà! Ẹ wá wo bí ẹni tó ń du alága ṣe ń kọ ebè bí ẹni tí ejò ń lé! Làtíífàt kọ tirẹ̀, ó ń ka aago lóhùn rara. Bí ebè tó gbẹ̀yìn ti dúró, igba ènìyàn ki eré mọ́lẹ̀.

Ọlọ́pàá méjì ló ń ṣọ́ ọgbà. Wọ́n rí èrò tó ń sáré bọ̀ tòun ti ọkọ́ àti àdá. Ọ̀kan gun igi máńgòrò.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ìbò la wá dì!" ni Tíṣà pariwo. "Ẹ kó irin sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ tò!"

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méje. Òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò ní ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí aago tó lù yóò dìbò. Olóyè sáré dé, ó rí obìnrin kan tí erùpẹ̀ bò dé ìgbọ̀nwọ́.

"Rebecca! Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Oko."

"Oko ta?"

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dìbò ná, Bàbá Ìbejì."

Aago lù. Ìgbà náà gan-an làwọn èèyàn Olóyè ya dé, itan adìyẹ lọ́wọ́, ọ̀rá lẹ́nu. "Ẹ má bínú," ni òṣìṣẹ́ wí, "a ti pa ìlà dé."

Oòrùn ń wọ̀ lọ kí ìbò Igbó-Ọrà tó wá bá ti Ìdèrè. Tíṣà ò mọ̀. Orí bẹ́ǹṣì kíláàsì ló sùn sí, ó ń hanrun. Òṣìṣẹ́ ka ti Olóyè, ó ka ti Tíṣà, ó sì kéde pé ìbò mọ́kàndínlógún ni Tíṣà fi borí.

Ọgbà gbiná! Làtíífàt fò wọ kíláàsì, ó gbá a léjìká.

"Alága! Ẹ dìde! Alága!"

Tíṣà fò sókè, ojú ṣì wà ní dídì, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ọkọ́ kiri lórí tábìlì.

"Ebè mélòó ló kù?"

Kò sẹ́ni tó ráyè dá a lóhùn. Wọ́n ti gbé e sọ́rùn.