Sípánà Tí Kò Lórúkọ

Bàbá Ọdẹ́tọ́lá tutọ́ sórí sípánà náà, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí Susanna já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ohun tí ọkọ mi fẹ́ràn ni."

"Mo mọ̀, Ìyá Kẹ́mi. Ọkọ rẹ náà ló ń pa mí lẹ́rìn-ín."

Ní ṣọ́ọ̀bù Julius, ọkọ Susanna, n'Ìkòtún, kó tó kú lọ́dún 1987, kò sí sípánà àtijọ́ tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní fi kẹrosíìnì fọ̀, kó wá orúkọ ẹni tó rọ ọ́ káàkiri ara rẹ̀. Tó bá ti rí i, ilé ìdáná ló ń sáré gbé e lọ bá Susanna. "Ìyá Kẹ́mi, ará Jámánì mà nìyí o!" Àfi bí ẹni tó mú àlejò wá sílé.

Ẹyọ kan ṣoṣo yìí ni kò rí orúkọ lára rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó wá a nínú ìwé àwọn òyìnbó, pàbó ló já sí. Lọ́la ni Olútáyọ̀, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, máa wá kó àwọn irinṣẹ́ náà. Susanna ò sì fẹ́ fi èyí tí kò lórúkọ lé e lọ́wọ́. Ó ti bi gbogbo mẹkáníìkì tó mọ̀. Ó wá ku alágbẹ̀dẹ Ẹgàn yìí, ẹni tí Julius máa ń yà kí lẹ́yìn ìsìn.

"Ibo ni Julius máa ń wò lára rẹ̀?" Bàbá bi í.

"Ọwọ́ rẹ̀ ni, sà. Ibẹ̀ lòyìnbó ń kọ orúkọ sí."

"Òyìnbó kẹ̀! Nílé tiwa, inú ẹnu là ń fi àmì sí, kí olè má baà rí i pa rẹ́. Wò ó."

Susanna tẹjú mọ́ ọn. Níbi tí nọ́ọ̀tì ti ń wọlé, ìlà tín-ínrín kan là sí méjì bí ìrù ẹja. Bàbá na ẹ̀mú tirẹ̀ sí i. Ìrù ẹja wà lẹ́nu òun náà.

"Sípíríǹgì lọ́rì ni mo fi rọ ọ́. Orí àpótí tó o jókòó lé yẹn ni Julius ti ń sọ fún mi pé òun ní sípánà kan, pé bóun bá rí ẹni tó rọ ọ́, òun á dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò mú un wá rí! Ọjọ́ Ìsinmi wo ni kì í dọ̀bálẹ̀ fún mi, jàre?"

Ẹ̀rín gbé Susanna. Ó rín in títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ti dé títì kó tó mọ̀ pé òun ti ń ṣètò bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún Julius: òun ò ní tètè dárúkọ, òun á jẹ́ kó bẹ òun. Ló bá dúró. Ó retí kí ọkàn òun bàjẹ́, kò bàjẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, ẹkún nìkan ló ń kó lọ bá a. Èyí ni ìròyìn àkọ́kọ́.

Ó gbé ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un, jẹ́jẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀.