Àwọn Irin Tó Wà Lórúkọ Verna

"Verna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọwọ́ lára àwọn irin ìdábùú òkè yàrá ìpààrọ̀ aṣọ yẹn. Orúkọ yín ṣì wà lórí wọn."

Mirelle ló sọ̀rọ̀ láti ìdí tábìlì rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Verna ò gbójú sókè.

"Mo ṣì ń lò wọ́n."

Irọ́ ni. Láti àárọ̀ ló ti parí ohun tó ń fi wọ́n ṣe.

Bí iṣẹ́ ṣe rí ní ọ́fíìsì wọn ní Winnipeg nìyẹn. Gbogbo wọn jọ ń ya ilé kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà ni, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan irin kan, irin náà di tirẹ̀. Ẹlòmíì ò lè sún un títí onítọ̀hún á fi yọwọ́. Verna ti so àtẹ̀gùn rẹ̀ mọ́ àwọn irin náà, ni wọ́n bá wà lórúkọ rẹ̀.

Àtẹ̀gùn ni wọ́n fún un, àtẹ̀gùn àti irin ìfọwọ́dìmú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé eré họ́kì orí yìnyín ni wọ́n ń yà, ìlú tí wọ́n bí Verna sí gan-an ni wọ́n sì fẹ́ kọ́ ọ sí. Garth, ọ̀gá wọn, mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ Mirelle ló gbé odindi ilé náà lé lọ́wọ́, Mirelle tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láìpẹ́ yìí. Tẹ́lẹ̀ rí, bí irin méjì bá forí gbárí nínú àwòrán, Verna ni Garth ń pè. Ní báyìí á gbé kọfí rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Verna, á ní, "Mirelle, wá bá mi wo nǹkan yìí." Ṣe ló máa ń ta Verna lára bí ata ojú egbò.

"Páìpù afẹ́fẹ́ fẹ́ gba abẹ́ wọn kọjá, kò ráyè," Mirelle tún ní. "Tí mo bá sún páìpù wálẹ̀, orí àwọn ọmọ tó ń pààrọ̀ aṣọ ló máa gbá. Ìbú ọwọ́ kan péré ni mo fẹ́ gbé irin sókè. Ìrọ̀lẹ́ yìí làwọn agérin ń retí àwòrán. Tí wọ́n bá gé e bó ṣe wà yìí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Mo gbọ́."

Verna mọ̀ pé bó bá bàjẹ́, orí Mirelle ló máa dà lé. Ó ṣí àbá tí Mirelle kọ sínú àwòrán náà, ó ń tan inú rẹ̀ bí adìẹ ṣe ń tan ààtàn, àléébù ló ń wá. Bóyá ẹnu irin á kúrò lára òpó. Mirelle ti rò ó. Bóyá ilẹ̀ òkè á ga jù, tí orí òǹwòran á fi kan àjà. Mirelle ti wọ̀n ọ́n. Verna tún wò ó látòkèdélẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló wá dùn ún jù.

Garth yọrí láti yàrá rẹ̀. "Mirelle, àwọn agérin ti pè mí o. Kí ló dá ẹ dúró? Àbí kí n lọ fi eyín gé irin náà ni?"

Ọwọ́ Verna dúró lójú kan.

Mirelle wojú Verna díẹ̀, ó yíjú sí ọ̀gá. "Verna ni mò ń dúró dè. Wọ́n ń bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbé e sókè."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Verna, báwo lo ṣe rí i?"

Verna lè ní ó kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀rọ̀ mélòó nìyẹn? Garth á gbà á gbọ́, á gba ilé náà lọ́wọ́ Mirelle, bóyá òun Verna gan-an ni á sì gbé e fún. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo àwòrán ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá àléébù kékeré kan á ṣàánú òun kó yọjú.

"Iṣẹ́ tó dáa ni," ló wí. "Kó gbé e sókè."

Garth mi orí pé ó dáa, ó wọlé padà. Verna yọwọ́ lára àwọn irin náà.

"Ẹ ṣé," Mirelle ní jẹ́jẹ́.

"Má dúpẹ́. Kì í ṣe torí kí n ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò."

"Mo mọ̀. Mo rí i pé ẹ ṣí àbá mi. Ẹ̀rù bà mí títí."

Lójú kọ̀ǹpútà Verna, àwọn irin náà ń gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan, páìpù sì ráyè kọjá lábẹ́ wọn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ nìkan ló kù tó dúró sísàlẹ̀, kò dé ilẹ̀ òkè mọ́.

Mirelle náà rí i. "Yéè, àtẹ̀gùn yín. Ẹ jẹ́ kí n—"

"Fi sílẹ̀," Verna ní. "Èmi ni mo ni ín."

Ó fa àga mọ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àtẹ̀gùn náà yà láti ìsàlẹ̀ wá.