Ẹsẹ̀ Kọ́ládé, Ọwọ́ Àrínọlá

7.

…ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún kò kúrò lórí ohun tí wọ́n fi ń tẹná. Kọ́ládé mọ̀ pé bíréèkì ló yẹ kí òun tẹ̀. Ó ti pàṣẹ. Ẹsẹ̀ náà gbọ́, àmọ́ ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń wá bàtà rẹ̀ kiri.

Ọkọ̀ gun etí títì níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Greenbelt, ó forí gbá òpó kan, ó dúró. Kò sẹ́ni tó fara pa. Àrínọlá, ìyàwó rẹ̀, ṣì di báàgì oúnjẹ ọ̀sán mọ́ àyà.

"Ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i."

Ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn. Ó rí i.


1.

Ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọdún 2006 ni. Kọ́ládé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Fairwood, lókè òkun, ni wọ́n ń gbé. Àrínọlá ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Washington, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kò mọ ọkọ̀ wà. Láràárọ̀, ọkọ rẹ̀ a gbé e dé Greenbelt kó lọ wọkọ̀ ojú irin. Nírọ̀lẹ́, a tún lọ gbé e. Inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń jà. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà.


2.

Àwọn tí Kọ́ládé dá lẹ́bi nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, kó tó kan ara rẹ̀:

bàtà (ó ra òmíràn)

kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà yàrá

òtútù

Àrínọlá, tó máa ń pè é nígbà tó bá ń rìn lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀


3.

Bí ẹni pé ilẹ̀ ní oje.


4.

Bó bá jókòó, kò sóhun tó ṣe é. A máa ka ìwé ìròyìn, a máa fọwọ́ ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ bíi tàtijọ́. Bó bá dìde, ó di wíwọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bó bá wá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ a lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá: orí ti wọlé, àyà ti wọlé, ẹsẹ̀ ṣì wà níta.


5 àti 6.

Ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu níbí. Kọ́ládé ní òun ò ṣubú rí. Àrínọlá ní ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì.


8.

Ohùn tí Ìdùnnú, ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fi sílẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kejì ìjàǹbá:

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wakọ̀ o. Mo ti gba appointment fún yín lọ́dọ̀ dókítà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí shift ni, mo máa wá gbé yín. Mọ́mì ní ẹsẹ̀ yín ti ń wọ́ láti ìgbà Àjíǹde. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"


9.

Yàrá Dókítà Sherifat, ọmọ Ọ̀yọ́. Fọ́tò inú orí Kọ́ládé tí ẹ̀rọ yà wà lójú kọ̀ǹpútà.

DÓKÍTÀ: Ẹ wo àwọn ibi tó funfun wọ̀nyí, sà. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù nínú ọpọlọ ló ti le, ihò wọn ti dín. Ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń fà á.

KỌ́LÁDÉ: Ṣé rọpárọsẹ̀ ni?

DÓKÍTÀ: Kì í ṣe bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ yín lágbára. Ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà láti orí dé ẹsẹ̀ ló ti bàjẹ́ níbì kan níbì kan.

ÌDÙNNÚ: Ṣé ó máa padà sípò?

DÓKÍTÀ: Èyí tó ti bàjẹ́, rárá. A lè dáàbò bo èyí tó kù. Kí wọ́n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n má fi ìrìn sílẹ̀.

KỌ́LÁDÉ: Ọkọ̀ ńkọ́?

(Dókítà gbé ojú kúrò lára fọ́tò.)

KỌ́LÁDÉ: Mo ti gbọ́.


10.

Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ síwájú Àrínọlá. Àrínọlá ní kò burú, òun á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kọ́ládé ní ẹsẹ̀ òun ló ṣàìsàn, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ lo máa wà á."

Àrínọlá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. Láyé ọjọ́un, ní Mọ́kọ́lá, nígbà tó ń kọ́ ọkọ̀, ó wà á wọ gọ́tà, láti ọjọ́ náà kò jókòó síbi awakọ̀ mọ́.


11.

ÀKÍYÈSÍ (lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bowie)

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè gbé ọkọ̀ yín kúrò lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Màmá Ìdùnnú ń kọ́ ọkọ̀.


12.

Àtẹ̀jíṣẹ́ Àrínọlá sí Ìdùnnú: Baba e ni ki n maa wo iwaju. Iwaju da?


13.

Rárá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan Kọ́ládé wọ inú gáréèjì, ó jókòó síbi awakọ̀. Kò tan ọkọ̀. Àrínọlá bá a níbẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé, ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì ń wo ilẹ̀kùn gáréèjì tó wà ní títì.


14.

Ìgbà tó yá, Àrínọlá ń wà á lọ geere. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ Kọ́ládé a máa wá bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Kó tó tẹ̀ ẹ́, ìyàwó rẹ̀ á ti tẹ tiẹ̀.

Inú Kọ́ládé dùn. Kì í ṣe dídùn nìkan.


15.

Ọjọ́ ìdánwò. Kọ́ládé fi ọ̀pá ìtilẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ńsì. Ọkọ̀ padà wọlé, ó dúró. Obìnrin òyìnbó tó ń dán Àrínọlá wò ń kọ nǹkan sínú ìwé, kò gbójú sókè.

Kọ́ládé fẹ́ lọ bá ìyàwó rẹ̀. Ilẹ̀ dì í mú.

Àrínọlá rí i. Kò sáré jáde. Ó yí gíláàsì wálẹ̀.

ÀRÍNỌLÁ: Ṣé ẹ ń bọ̀?

KỌ́LÁDÉ: Mò ń bọ̀.

Obìnrin náà ṣí ojú ìwé mìíràn, kò tíì sọ bóyá ó yege.


16.

Àrínọlá kò tíì pa ọkọ̀; ó ń dúró dè é.