Ìyá Aládìẹ Kò Gbọdọ̀ Gbọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mi ò fẹ́ràn adìẹ. Káfíńtà ni mí. Pákó kì í ké, kì í ṣu, kì í ṣàìsàn. Tí o bá gbé e síbì kan lónìí, ibẹ̀ lo máa bá a lọ́la. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi, adìẹ layé ẹ̀. Àdúgbò ti sọ ọ́ ní Ìyá Aládìẹ kí irun wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Tó bá wọ ilé adìẹ láàárọ̀, á máa kí wọn, á máa bá wọn wí, á máa bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn. Èmi tí mo sùn tì í, kò bi mí.

Ló bá di ọjọ́ kan, wọ́n ní ìjọba orílẹ̀-èdè kan lókè òkun fẹ́ mú àwọn àgbẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, owó ọkọ̀ òfuurufú ọ̀fẹ́, ilé ọ̀fẹ́, fún ọdún kan. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ fi orúkọ ìyàwó mi ránṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí àwọn ọmọ ẹ̀ ti wà nílé ọkọ, ta ló fẹ́ mú un padà sílé ìwé? Àfi ìgbà tí wọ́n mú un lóòótọ́. Àrùn adìẹ ni wọ́n ní ó máa kọ́ nípa ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń dènà ẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú àwọn adìẹ mi. Tí mo bá dé, iṣẹ́ ńlá la máa fi wọ́n bẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Máa lọ jàre. Ṣé adìẹ lásán ni mi ò ní lè bọ́?" Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kọ́ nìyẹn. Mo kàn fi ariwo bò ó ni.

Ẹ̀yin tí ìyàwó yín ò rìnrìn àjò rí, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan. Ilé dá páropáro. Èmi àti màmá mi ló kù, wọ́n wà ní yàrá iwájú, èmi wà nínú yàrá wa lẹ́yìn. Tí mo bá jí, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ibẹ̀ á tutù. Ìborùn ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Níbi iṣẹ́, mo lè máa fi ayùn rẹ́ pákó lọ, kí n ṣàdédé dúró, torí mo rò pé mo gbọ́ ohùn ẹ̀. Àárò obìnrin yẹn sọ mí débi pé mo ń bá àwọn adìẹ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi! Mo ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè wá lórí fídíò. Á jókòó sórí ibùsùn ẹlẹ́nìkan nínú yàrá tóóró kan, aṣọ funfun bíi ti dókítà á wà lára ògiri lẹ́yìn ẹ̀, pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún. Màmá mi ti ṣòfin sílẹ̀ ní tiwọn.

"Ẹni tó bá wà lájò, ọ̀rọ̀ ayọ̀ là ń sọ sí i létí," wọ́n ní. "Tó o bá sọ pé ara ẹ ò yá, kò ní sùn. Tó o bá sọ pé àárò ẹ̀ ń sọ ẹ́, á ju ìwé sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Tó bá bi ẹ́ léèrè, kí lo máa sọ?"

"Àlàáfíà ni, Màmá."

"Ẹn-hẹn! Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Torí náà, tí ìyàwó mi bá ní báwo nilé, màá ní àlàáfíà ni. Tó bá ní ṣé ẹ ń jẹun, màá ní à ń jẹ, a tún ń jẹ ṣẹ́kù. Kó tó pa fóònù, á tún ní, "Bàbá wọn, ṣé kò sí nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún mi?" Màá wo màmá mi. Màmá mi á gbé ìka sókè. Màá ní, "Kò sí nǹkan kan o. Ṣáà gbájú mọ́ ìwé ẹ."

Nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kó padà, àìsàn wọ ilé adìẹ. Mo kọ́kọ́ bá méjì tó dúró sí kọ̀rọ̀, ìyẹ́ wọn dìde, wọn ò jẹun. Mo rò pé òtútù ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọrùn àwọn mìíràn ti ń lọ́ sẹ́yìn, ìgbẹ́ wọn sì dà bí ewé tí wọ́n gún. Mo sáré mú fóònù.

"Ta lo fẹ́ pè?" Màmá ti di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó mi! Ohun tó lọ kọ́ gan-an rèé, Màmá!"

"Ṣé o fẹ́ pa á síbẹ̀ ni? Ṣé ó máa fò wá ni?"

"Kò ní fò wá, ó máa sọ ohun tá a máa ṣe!"

"Ìdánwò ló wà níwájú ẹ̀. Tó bá fìdí rẹmi nítorí adìẹ, ìwọ lo fà á. Ìyá Aládìẹ ò gbọdọ̀ gbọ́."

Ta ló lè bá màmá mi jiyàn? Mo ju fóònù sórí àga. Mo lọ ra oògùn lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra pé kò sí irú ẹ̀, mo dà á sómi wọn. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, ilé adìẹ pa lọ́lọ́. Mo gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé, mo sin gbogbo wọn, mo sì jókòó ti ihò yẹn, mo sunkún. Adìẹ tí mi ò fẹ́ràn! Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n fi òwe sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn.

Wàhálà tó kù ni pé ó máa ń ní kí n gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ àwọn adìẹ òun. Màmá náà ló tún ta ọgbọ́n ẹ̀. "Ṣèbí Télọ̀ tó wà lẹ́yìn wa ń sin adìẹ?" Mo lọ bá Télọ̀. Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi di ògiri mú. "Káfíńtà, mo ti rí ẹni tó yá owó, mo ti rí ẹni tó yá aṣọ. O wá fẹ́ yá adìẹ?" Mo ní kó dákẹ́ kó ṣílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Àìkú, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ Télọ̀, mo gbé fóònù sókè, mo ní, "Wò wọ́n bí wọ́n ṣe sanra!" Ìyàwó mi wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá wọn. Mo ti rí i." Látọjọ́ yẹn, kò béèrè wọn mọ́. Inú èmi àti Màmá dùn, a rò pé irọ́ wa ti wọlé.

Mo wá gbájú mọ́ bó ṣe máa dé. Mo kan ibùsùn tuntun, mo dán pákó ẹ̀ títí ọwọ́ mi fi bó. Mo gé irun mi. Màmá ń pè mí ní ọkọ ìyàwó tuntun, mo sì ń bínú, àmọ́ inú mi ń dùn sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn kó tó wọ ọkọ̀, ó pè. Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá wọn, wọ́n ní kí n dúró fún ọdún méjì sí i. Wọ́n fẹ́ kí n máa bá wọn ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ àrùn adìẹ wò."

Màmá ti gbé ìka sókè. Mo wo ìka yẹn. Mo wo ojú ìyàwó mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú ẹ̀ sì wú.

"Rárá o," mo ní.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní rárá! Kò sí àlàáfíà kankan níbí! Àwọn adìẹ ẹ ti kú, gbogbo wọn ló kú, èmi ni mo sin wọ́n. Oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi. Ilé ò gbà mí, ọ̀nà ò gbà mí. Àárò ẹ ń sọ mí, ìwọ obìnrin yìí, ó fẹ́ẹ̀ pa mí! Máa bọ̀ wálé!"

Ìka Màmá wálẹ̀. Ìyàwó mi sún mọ́ fóònù.

"Báwo ni wọ́n ṣe kú?" ó ní. Mo sọ ti ọrùn, mo sọ ti ìgbẹ́. Ó di ojú. "Ká ní ẹ pè mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ǹ bá ti ní kẹ́ ẹ ya àwọn tí ara wọn le sọ́tọ̀. Mo mọ àìsàn yẹn. Òun ni mo fi ṣèdánwò." Ó nu ojú. "Mo rò pé ẹ ti tà wọ́n ni."

"Kí n tà wọ́n kẹ̀?"

"Ilé adìẹ tẹ́ ẹ fi hàn mí, tèmi kọ́. Ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ kàn fún mi, ọwọ́ òsì ló ń ṣí sí, torí ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Tibẹ̀ yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ṣé mi ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi ni? Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹ ti ta oko mi, ẹ wá ń fi tẹlòmíràn tàn mí. Ọkùnrin tó bá ta oko ìyàwó ẹ̀, ṣé ó ń retí ẹ̀ ni? Mo ń bi yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún mi? Ẹ ní kò sí." Ó gbé ojú kúrò lára fóònù. "Àná ni mo fọwọ́ sí i, Bàbá wọn. Mo ti gbà fún wọn."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó lè bá a tán, kó sì ti pẹ́ jù. Mo ní ṣé kò lè lọ bá wọn pé kò ṣe mọ́ ni. Ó ní tóun bá yẹ̀ ẹ́, wọn ò ní mú àgbẹ̀ kankan láti ọ̀dọ̀ wa mọ́, àwọn tí orúkọ wọn tẹ̀ lé tòun sì ti ń di ẹrù. Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún, àwa àgbàlagbà.

"Mo fẹ́ wálé," ó ní. "Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ wálé. Àràárọ̀ ni mò ń kí àwọn adìẹ wọn níbí, wọn ò gbọ́ èdè mi."

Màmá na ọwọ́. Mo gbé fóònù fún wọn, mo ti mọ̀ pé àlàáfíà wọn náà ni wọ́n máa sọ. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú títí tó fi fẹ́ kan imú wọn.

"Ìyàwó mi," wọ́n ní, "ọdún méjì yẹn, ṣé wàá bá mi láyé?"

"Màmá," ni ìyàwó mi ń pè, "Màmá, Màmá."